Alágbẹ̀dẹ Eyín àti Ẹnu Tó Kọ Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Bí ẹ bá gba àdúgbò ọkùnrin yìí kọjá láàárọ̀, kí ẹ tó rí i ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó máa ń ké bí ẹ̀fọn tó rí ẹran ara. Òun ló fi ń rẹ́ eyín, òun ló fi ń dán an. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ó há sáàárín ṣọ́ọ̀bù oníkọ́kọ́rọ́ àti ti aránṣọ kan, aránṣọ ọ̀hún gan-an sì ni ìyàwó rẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló gbé tábìlì sí kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Lórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwòṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ẹfun dídì ṣe tò lọ rẹrẹẹrẹ, ti olówó, ti tálákà, ti adájọ́, ti ẹni tó ń gbálẹ̀ kóòtù, gbogbo wọn lanu sílẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Ọmọdé tó bá tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọbẹ̀, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló máa ń sá sí.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Alágbẹ̀dẹ Eyín ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí eyín ẹnìkan bá ti ká tán, dókítà eyín á fi ohun rírọ̀ kan tẹ ẹnu onítọ̀hún kó lè mọ bó ṣe rí, á fi ránṣẹ́ sí i, òun á sì fi í ṣe eyín àtọwọ́dá tó máa wọ ẹnu náà bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń wọ ọwọ́.

Àwọn tó mọṣẹ́ gbà pé ọwọ́ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ẹlòmíràn á ṣe eyín tó funfun báláú, tó tò gbọọrọ bí ọmọ ogun, ẹni tó bá fi í sẹ́nu á wá dà bí ẹni tó yá ẹnu ẹlẹ́nu lò. Tirẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, á ní kí ẹ jókòó, kí ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rín bá lè wá, á sì máa wò yín bí àgbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà tó jẹ́ pé èjí ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n nígbà èwe rẹ̀. Dókítà kò mẹ́nu kàn án, ìyá náà kò sì sọ ọ́, ó gbà pé ìyẹn ti bá eyín tó lọ lọ. Inú àwòrán ìgbà ọmọge rẹ̀ tó mú wá ni Alágbẹ̀dẹ Eyín ti rí i, ló bá fi èjí náà sí i padà láì wí fún un. Ìyá yìí wo dígí, ó rí èjí rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ọwọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun pupa rẹ́súrẹ́sú tó dúró fún erìgì, èyí tí eyín gbé jókòó lé, oríṣi ike kan ni. Ìyẹ̀fun wà, omi wà. Omi náà mọ́ gaara bí omi mímu, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ le débi pé ẹni tó bá wọlé kò ní béèrè bóyá iṣẹ́ ń lọ. Bí wọ́n bá po méjèèjì pọ̀, á kọ́kọ́ rọ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ti fomi pò. Wọ́n á wá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí irin tó ní àwòṣe ẹnu nínú, wọ́n á sè é nínú omi gbígbóná, á sì le. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ìka lásán ni wọ́n fi ń pò ó. Ọ̀gá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá.

Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, orí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Á gbẹ, á sán, á máa yún un, àtàǹpàkò á là bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ní ọṣẹ ni, ó ní òtútù ni, ó tún ní ọjọ́ orí ni. Ìyàwó rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ fún un, ó wọ̀ ọ́, síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn, nítorí omi yẹn máa ń gba ara ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọlé bí olè tó mọ ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó kọ́ láti máa fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ pò ó, kò fọwọ́ kàn án tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọwọ́ náà sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ayé sì mọ bó ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń ṣe eyín fún gbogbo ìlú, eyín tirẹ̀ kò lágbára. Àìsàn erìgì tó bá bàbá rẹ̀ jà bá òun náà. Eyín ń mì, eyín ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dókítà fi ní kí wọ́n kúkú yọ ìyókù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i, wọ́n ń bi í bóyá kí àwọn bá a wá oníṣẹ́ kan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, kí wọ́n ṣáà máa wòran.

Ó jókòó ti iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń kọ́lé tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé. Kò jẹ́ kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé ju bó ti yẹ lọ. Ó tẹ eyín kan ní igun díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dán àjà rẹ̀, apá tó bo òkè ẹnu, títí tí ahọ́n ò fi lè mọ ibi tí ẹnu parí sí tí iṣẹ́ ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó fi í sẹ́nu, ó rékọjá sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ ti padà di ẹni tó máa ń dúró dè mí lójú ọ̀nà ilé bàbá mi nígbà èwe," obìnrin náà wí.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ tí àjà ẹnu rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ẹni tó jẹ ata láì rí omi mu. Lẹ́yìn náà ó di títa, ó di jíjó; omi tútù dùn ún, tíì gbígbóná dùn ún, ọ̀rọ̀ sísọ gan-an dùn ún. Àkọ́kọ́ ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé òun kò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ó fi ayùn kékeré rẹ́ ẹ níhìn-ín, ó rẹ́ ẹ lọ́hùn-ún. Nígbà tí kò gbọ́, ó ju odindi rẹ̀ nù, ó ṣe òmíràn kíákíá, ó ń kánjú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìyẹn tiẹ̀ tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n eléyìí ń lu irin, kò sì mọ ohun tó ń fà.

Ohun tó ká a lára jù kì í ṣe oró náà. Ìtìjú ni. Báwo ni àwọn èèyàn á ṣe gbọ́ pé Alágbẹ̀dẹ Eyín kò lè fi eyín tó ṣe sẹ́nu ara rẹ̀? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa mọ́. Bí ṣọ́ọ̀bù bá dá, á yọ ọ́ sínú aṣọ ìnujú. Bí ó bá gbúròó bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á sáré tì í bọ ẹnu, á sì fi ojú rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Nílé, á ní ebi kò pa òun, á máa rẹ búrẹ́dì sínú tíì títí tí búrẹ́dì náà kò fi ní ohunkóhun í bá eyín ṣe mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀sọ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tó máa ń gbá ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ lójijì. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ la ẹnu kí n wò ó."

Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun.

"Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kì í fi ọwọ́ bo ẹnu jẹun. Ẹ là á."

Ó yọ eyín náà, ó la ẹnu bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́bi tó ti ń jí ṣúgà jẹ. Obìnrin náà mú un dé ẹ̀bá fèrèsé. Àjà ẹnu ọkọ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu. Ibi tí eyín àtọwọ́dá náà dé ló pọ́n, ibi tí kò dé sì mọ́ lálá, bí ẹni pé ẹnìkan fi àwòṣe lé e, tó sì fi ṣọ́ọ̀kì fà á yí ká. Aránṣọ ni, bí wọ́n bá fi àwòṣe gé nǹkan, ó mọ̀ ọ́n tó bá rí i. Ó ní egbò tó bá wá láti ibi tó ń há ẹni, ojú kan ni í ti í dá. Èyí kò há a níbì kankan. Eyín yìí ló ya àwòrán ara rẹ̀ sí i lẹ́nu.

Ọkọ rẹ̀ bínú. Ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé iṣẹ́ òun kò dára, ó sì di kùnkùn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí oòrùn fi wọ̀. Obìnrin náà kò bá a jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa, ó gbé gèlè sórí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Alágbẹ̀dẹ Eyín wò ó, ó wo tábìlì, ó sì bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Dókítà eyín náà jẹ́ obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì ti jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tipẹ́. Ó bọ̀wọ̀ fún un gan-an, ṣùgbọ́n kò fi ìyẹn dí ara rẹ̀ lójú. Ó ní ẹnu dídùn lábẹ́ eyín àtọwọ́dá kì í sábà jẹ́ ohun àràmàǹdà, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí àwọn kọ́kọ́ wò. Ó wò ó bóyá eyín náà ń há a tàbí ó ń mì: kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò tíì rí èyí tó wọ ẹnu tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó béèrè bóyá ó ń fi í sùn, bóyá ó ń fọ̀ ọ́, kí ló sì fi ń fọ̀ ọ́. Ó fá itọ́ díẹ̀ lórí àjà ẹnu rẹ̀ láti fi wò ó bóyá nǹkan funfun tó máa ń hù bí èbu lórí búrẹ́dì ló hù síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Gbogbo rẹ̀ já sófo. Ló bá ní kó yọ eyín náà sílẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi sàn.

Ẹnu náà sàn pátápátá. Nígbà tó fi eyín padà, kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ tún gbiná, ètè rẹ̀ sì wú pẹ̀lú. Ó padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó jókòó sórí àga tó ń dẹ̀yìn náà, ó sì la ẹnu kí ẹnikẹ́ni tó ní kó là á. Dókítà kò tilẹ̀ wo ẹnu.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."

Alágbẹ̀dẹ Eyín ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. "Dókítà, ẹnu ló ń dùn mí o. Ọwọ́ kọ́."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà kó o wá."

Ó kó o wá. Dókítà náà gbé ìka rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ iná tó máa ń tàn sẹ́nu, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn padà bí ẹni tó ń wo ohun iyebíye. Awọ orí ìka náà ti nípọn, ojú àpá sì pọ̀ níbi tó ti là tó sì ti sàn. Ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ tó bá burú jù. Alágbẹ̀dẹ Eyín dáhùn, bó sì ti ń dáhùn ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, nítorí òun náà ti ń gbọ́ ohun tí ẹnu òun ń sọ.

Wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú awọ ara. Ìyẹn mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣe eyín, ti ike, ti àwọ̀ tó ń mú un pọ́n, ti irin, ti omi olóòórùn yẹn tí wọ́n ti là kó má baà le jù, ó fi wọ́n há abẹ́ báńdéèjì kéékèèké, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lẹ́yìn láti mọ èyí tí ara rẹ̀ kò gbà. Omi kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di ọlọ́dẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò jẹ́ kó wẹ̀ bó ṣe ń wẹ̀, kò jẹ́ kó fẹ̀yìn ti ògiri, bó bá sì fẹ́ họ ibẹ̀, á gbá a lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, gbogbo ojú ibẹ̀ mọ́ àfi ọ̀kan. Ibi tí omi náà wà ti wú, ó pọ́n, ó ní ìléròrò wínníwínní lórí. Alágbẹ̀dẹ Eyín ní kí wọ́n fún òun ní dígí méjì kí òun lè rí i. Ó wò ó pẹ́.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Omi tó ti ń fún un ní oúnjẹ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò fẹ́ mọ́.

Dókítà eyín ṣàlàyé fún un. Ó ní bí wọ́n bá po omi àti ìyẹ̀fun náà, tí wọ́n sì sè é, omi ọ̀hún máa ń di ike, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa sá pamọ́ sínú ike náà, pàápàá bí wọ́n bá kánjú sè é. Ìdí nìyẹn tí eyín ẹlẹ́ẹ̀kejì fi burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ike yìí sẹ́nu tí wọ́n sì ń jẹun lọ ní tiwọn. Ara tirẹ̀ ti pàdé omi náà jù, láti ara ọwọ́, ó ti kọ́ láti dá a mọ̀ bí ọ̀tá, bó bá sì ti dá ọ̀tá mọ̀ báyìí, kì í gbàgbé ojú rẹ̀. Kò sí oògùn tó máa mú un gbàgbé. Kó má fi í sẹ́nu, kó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ ni.

Lójú ọ̀nà ilé, ọkùnrin náà ń wo ìka rẹ̀ bó ti ń rìn. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń rò. Nígbà tí wọ́n dé ìta ilé wọn, ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: bóyá àwọn tí òun ti ṣe é fún, tí wọ́n ń jìyà, tí wọn ò sọ̀rọ̀, wà níbì kan. Ó rántí ìyá arúgbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Ìyá náà ti wá sọ fún un nígbà kan pé ẹnu ń ta òun, ó sì ti fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ ni kò tíì mọ eyín náà, kó ní sùúrù. Kò tún padà wá.

Ó lọ wá a. Ó bá a ní yàrá rẹ̀, dùrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eyín tó ṣe fún un sì wà nínú kọ́ọ̀bù lórí fèrèsé. Kò yí ọ̀rọ̀ po. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fún un, ó ní òun ti lè ṣe ìyá náà ní ibi láìmọ̀, kó dìde kí àwọn jọ lọ rí dókítà. Ìyá náà ní òun kò bínú, òun kàn rò pé ó ti ṣú u láti máa gbọ́ ẹjọ́ arúgbó ni. Wọ́n lọ. Dókítà wò ó títí, ó sì rí i pé tirẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan tó ń hù bí èbu yẹn ló wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó máa ń fi eyín náà sùn kí àwọn ọmọ tó wá kọ́ orin láàárọ̀ má baà bá a láìní eyín. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó máa yọ ọ́ bó bá fẹ́ sùn, ó sì sàn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Alágbẹ̀dẹ Eyín fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá sọ́rùn, tí òun sì ń dá tòun lálaalẹ́.

Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ìyẹn náà. Kì í ṣe gbogbo ẹnu tó ń ta ni ike ń ta, kì í sì ṣe gbogbo ẹjọ́ ni sùúrù ń dá.

Ẹnu tirẹ̀ wá kù. Dókítà ní ọ̀nà kan wà: oríṣi náílọ́ọ̀nù kan tí wọn kì í fi omi pò, iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ tí wọ́n sì ń tì í wọ inú àwòṣe, eyín tí wọ́n bá tò sí i lè jẹ́ ti tánganran, tí kò ní omi yẹn nínú rárá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó béèrè bóyá ilé ìdáná ni wọ́n fẹ́ kó sí ọkọ òun lẹ́nu, tánganran òun náílọ́ọ̀nù, ó ku ìkòkò nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà máa rẹ́rìn-ín láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ní gbogbo agbègbè náà, ọ̀dọ̀ Alágbẹ̀dẹ Eyín fúnra rẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́. Obìnrin ni, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní ìlú kejì. Kó tó gba òmìnira ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ náílọ́ọ̀nù yìí, ọ̀gá rẹ̀ sì máa ń sọ fún un pé àṣà ìgbà díẹ̀ ni, àṣà á sì kọjá. Kò sí ìjà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wà nílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀gún tí ẹnikẹ́ni kò yọ.

Ẹlòmíràn á ránṣẹ́. Á ní kí wọ́n bá òun ṣe é, kí wọ́n fi í rán awakọ̀. Alágbẹ̀dẹ Eyín wọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dání, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán bọ́tìnnì sí. Nígbà tó wọlé, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dìde. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kúnlẹ̀ kí i, ó sì ní kó jókòó sí àga ọ́fíìsì. Ó ní rárá, àpótí ìjókòó ti ìdí ẹ̀rọ ni òun ń fẹ́.

"Mo wá kọ́ṣẹ́ ni," ó wí. "Mo ní àṣà ni, àṣà á kọjá. Ó kù díẹ̀ kó fi èmi sílẹ̀ kọjá."

Obìnrin náà ní kí ọ̀gá òun má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin ni ọ̀gá níhìn-ín," ó dá a lóhùn. "Ẹ fi ibi tí mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí hàn mí."

Obìnrin náà wojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ó fi hàn án. Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà mìíràn. Náílọ́ọ̀nù náà kì í dúró deni. Bó bá ti yọ́, kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ tì í wọlé. Àkọ́kọ́ tó ṣe, afẹ́fẹ́ kó sí i nínú. Èkejì kò dé igun. Bó bá bà jẹ́, kì í fi ẹ̀rọ ṣàwáwí. Á yí i lọ́wọ́, á wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, á béèrè ohun tó fà á, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń wo ẹnu rẹ̀ tó ká pẹ̀lú ojú àánú, wá ń fi ẹ̀sọ̀ sún mọ́ ìdí àpótí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìtò eyín, gbogbo wọn fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Ó ń lu ihò tín-íntín sí ìdí eyín tánganran kọ̀ọ̀kan kí náílọ́ọ̀nù lè rí ibi dì mú, nítorí méjèèjì kì í lẹ̀ mọ́ra wọn, ó sì ń tò wọ́n sínú ìda láì wo ibì kankan mìíràn. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ fa ìjókòó tirẹ̀ wá, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ti ń wò ó láyé àtijọ́.

Nígbà tó padà délé, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ kó tó rí i. Tánganran máa ń dún kẹ́kẹ́ díẹ̀ bó bá pàdé tánganran, títí ẹlẹ́nu á fi mọ bó ṣe ń pa á dé. Obìnrin náà ní ó dára bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ń dún bí ife tíì kò lè yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jáde nílé. Kò yọ́ lọ síbì kankan. Ó jókòó, ó jẹ búrẹ́dì tó gbẹ láì rẹ ẹ́, ó jẹ ẹran, ó jẹ ápù kan pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kó la ẹnu, ó là á láìjanpata. Ibẹ̀ mọ́.

Kò dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kó sinmi, ó ní bí òun bá sinmi, ta ló máa mọ̀ pé èjí ti wà lẹ́nu ẹnìkan rí? Ó gba oníṣẹ́ kan tó máa ń po ike fún àwọn tí ara wọn gbà á, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó fi ọwọ́ lásán pò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pá irin ni, ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni, fèrèsé sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Sísè tó máa ń yá tẹ́lẹ̀, ó fà á gùn. Bí eyín bá jáde nínú àpótí irin, á rẹ ẹ́ sómi kó tó fi í lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, kí ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè jáde. Àwọn oníbàárà tó ń kánjú ń kùn. Ó ń jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ohun tí àwọn èèyàn wá ń sọ nípa rẹ̀ jù báyìí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Àìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n ti sọ fún un pé bí ẹnu bá ń tani, Alágbẹ̀dẹ Eyín ni kéèyàn lọ bá, ó mọ oògùn rẹ̀. Ó gbé eyín tí ẹlòmíràn ṣe fún un kalẹ̀ lórí tábìlì, ó la ẹnu. Alágbẹ̀dẹ Eyín wò ó dáadáa, ó wo ọwọ́ rẹ̀ náà, ó béèrè àwọn ìbéèrè tó yẹ kó béèrè. Lẹ́yìn náà ó sọ fún un pé òun kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó lè jẹ́ eyín, ó lè jẹ́ ẹnu, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó máa mọ̀ wà, kò sì jìnnà. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kọ́, ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé òun ń bọ̀, ó sì mú awakọ̀ náà lọ́wọ́ gba títì lọ sọ́dọ̀ dókítà.